Ẹ Bi Wá: Jíà Wo Ló Tọ́ Sí Fẹ́sípà Tí A Ti Fi Sìlíńdà Ńlá Sí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Fẹ́sípà PX 150 ni mo ń gùn. Mo ti yọ sìlíńdà rẹ̀, mo sì ti fi sìlíńdà ńlá tí wọ́n ń pè ní DR 177 rọ́pò rẹ̀. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra gbogbo jíà PX 200 sí i kó lè sáré dáadáa. Oǹdó ni mo máa ń lọ jù, ṣùgbọ́n mo ní ẹbí ní Ìdànrè, ìyàwó mi sì máa ń jókòó sẹ́yìn. Ṣé kí n rà á?
— Olùkà kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́

Ẹ má tíì rà á. Jíà kì í fi agbára kún ẹ́ńjìnì. Agbára tó wà nílẹ̀ ló ń pín: ohun tí ẹ bá fi kún eré, inú fífà ni ẹ ti yọ ọ́. Sìlíńdà 177 lágbára ju 150 lọ lóòótọ́, àmọ́ kò tíì di PX 200 tó jẹ́ 198 cc, pàápàá bí kábúrétọ̀ àti sàlẹ́ńsà bá ṣì jẹ́ ti àtijọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì yín ń yí kí taya ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kò nílò láti tú nǹkan kan kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé Fẹ́sípà lé sítáńdì, kí taya ẹ̀yìn má kan ilẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi jíà kẹrin sí i, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára taya àti sára fáláìwíìlì, irin ribiti tó ń bá ẹ́ńjìnì yí. Ẹ wá máa fi ọwọ́ yí taya, kí ẹnìkan máa ka fáláìwíìlì. Ẹ jẹ́ kí taya yí nígbà 10. Bí fáláìwíìlì bá yí nígbà 55 àti ààbọ̀, iye yíyí yín jẹ́ 5.55. Bó bá jẹ́ 47, jíà PX 200 ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ ní in ló fi í sí i. Irú èyí kì í ṣe tuntun lára Fẹ́sípà tó ti dàgbà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ kà á kí ẹ tó náwó.

Bí a ṣe ń rí 5.55 yẹn nìyí. Lára ọ̀pọ̀ PX 150, jíà kékeré ìdí kílọ́ọ̀ṣì ní eyín 21, jíà ńlá tó ń yí ní 68. Ẹ fi 21 pín 68, ó di 3.24. Jíà kẹrin ní eyín 36, èkejì rẹ̀ tó ń yí i ní 21. Ẹ pín ìyẹn náà, ó di 1.71. Ẹ sọ méjèèjì di púpọ̀. Ti PX 200 jẹ́ 23 sí 65 níbi kílọ́ọ̀ṣì, 35 sí 21 ní jíà kẹrin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4.71. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé, nǹkan bí ìdá 15 nínú 100 agbára fífà tó ń dé taya ní jíà kẹrin ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ohun tí ẹ ó gbà padà. Ẹ yí taya ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan lórí ilẹ̀ títẹ́, kí ẹ wọn ibi tó dé, taya 3.50-10 máa ń rìn tó mítà 1.33. Ẹ mú iye tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.33, lẹ́yìn náà pẹ̀lú 0.06, kí ẹ wá fi iye yíyí pín in. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 6,000, 5.55 á fún yín ní kìlómítà 86 ní wákàtí kan. 4.71 á fún yín ní 102, bí ẹ́ńjìnì bá lè dé 6,000 yẹn ní jíà kẹrin. Níbẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ́ńjìnì tí kò lágbára tó kò ní dé ibẹ̀, ẹ ó sì máa padà sí jíà kẹta ní gbogbo òkè kéékèèké.

Àbá wa fún yín ni eyín 22 níbi kílọ́ọ̀ṣì, kí 68 àti jíà kẹrin wà bí wọ́n ṣe wà. Iye yíyí á di 5.30, ní 6,000, kìlómítà 90 nìyẹn. Kò ju bí ìdá 5 nínú 100 tí ẹ yọ nínú fífà lọ, sìlíńdà tuntun yín á sì dí i. Ó tún ní àǹfààní kan tó tóbi: ẹ kò ní la ẹ́ńjìnì sí méjì. Láti la ẹ́ńjìnì ni jíà PX 200 ń béèrè.

Ooru ló mú wa tẹnu mọ́ ọn báyìí. Ara fáláìwíìlì ni fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí sìlíńdà Fẹ́sípà wà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, atẹ́gùn tó ń fẹ́ kéré. Ẹ wá gbé ẹni méjì gun òkè Ìdànrè pẹ̀lú jíà eré, ẹ yíná (ọwọ́ tí a fi ń fún ẹ́ńjìnì lépo) dé òpin, ẹ́ńjìnì ò rí eré sá: epo ń jó gidi nínú sìlíńdà, atẹ́gùn ò tó. Písítìnì á wú, á gán mọ́ sìlíńdà, ẹ ó sì gbọ́ tí wọ́n á ní ó ti nọ́ọ̀kì. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ nísàlẹ̀ òkè náà, ẹ má dá ọwọ́ iná padà pátápátá fún ìgbà pípẹ́ nínú jíà. Inú epo ni ọ́ìlì tó ń bá písítìnì ṣiṣẹ́ ń gbà wọlé. Bí epo ò bá wọlé, ọ́ìlì náà ò wọlé. Ẹ máa fún un níná díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń po epo, mílílítà 20 ni fún lítà kan.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ nìyí. Ẹ tú ọ́ìlì jíà dànù, ẹ yọ taya ẹ̀yìn, ẹ tú wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ẹ ṣí ìdérí kílọ́ọ̀ṣì. Nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ ní ihò lẹ́nu, wáṣà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn ló dì í mú. Ẹ tẹ wáṣà náà padà, kí ẹ sì fi sípánà tirẹ̀ tú nọ́ọ̀tì. Ẹ má fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù lù ú, torí bẹ́árìn kíránkì ló ń gba ìlù yẹn. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti jáde, ẹ wá kíì kékeré tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá lórí kíránkì, kó má bàa jábọ́ sínú ẹ́ńjìnì. Bóòtù gígùn kan, wáṣà fífẹ̀ méjì àti nọ́ọ̀tì tó láti fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ kí ẹ lè tú u palẹ̀. Ẹ fi síprìǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ sí i nítorí agbára tuntun. Ẹ rẹ kọ́ọ̀kì tuntun, ìyẹn àwo inú kílọ́ọ̀ṣì, sínú ọ́ìlì mọ́jú. Wáṣà tuntun ni kí ẹ lò, kí ẹ dè nọ́ọ̀tì náà dé 40 sí 45 Nm, ìyẹn ìwọ̀n agbára dídè.

Ẹ parí ọ̀rọ̀ jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré inú kábúrétọ̀ tí epo ń gbà wọlé, kí ẹ tó dán jíà wò. Sìlíńdà 177 ń fẹ́ jẹ́ẹ̀tì tó tóbi ju ti 150 lọ. Bí púlọ́ọ̀gì bá funfun lẹ́yìn tí ẹ ti sáré, epo ò tó, ẹ má gun un lọ síbì kankan bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò lójú ọ̀nà tó tẹ́, ní àlọ àti àbọ̀ nítorí afẹ́fẹ́, kí ẹ fi fóònù wo eré yín torí irọ́ ni ọ̀pọ̀ mítà Fẹ́sípà ń pa. Bí jíà kẹta bá gbé yín dé eré kan tí jíà kẹrin sì ń dín in kù, jíà yẹn ti ju ẹ́ńjìnì lọ. Bó bá jẹ́ pé ìkẹrin ń hó, tí iná ṣì kù lọ́wọ́ yín, nígbà náà ni ẹ lè máa wá eyín kan kún un.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, P200E, ìyẹn PX 200 àtijọ́, ni tèmi, n kò tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Bí mo bá gbé ẹrù gun òkè Ọ̀kà, jíà kẹta á máa ké, bí mo bá fi kẹrin sí i, á fẹ́ kú. Wọ́n ní jíà kẹrin eléyín 36 ló máa tán an.
— Olùkà láti Ìkàrẹ́-Àkókó

Òótọ́ ni wọ́n sọ pé àlàfo wà láàárín jíà kẹta àti ìkẹrin PX 200. Ìkẹta jẹ́ 38 sí 17, ìkẹrin 35 sí 21. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí nígbà 6,000 ní jíà kẹta, bí ẹ bá ti yí i sí ìkẹrin, á já sí nǹkan bí 4,470. Pẹ̀lú 36, á já sí 4,600. Ìyàtọ̀ náà ò ju 130 lọ. Ó wúlò fún ẹni tó ti fi sìlíńdà eré sí i, tí agbára rẹ̀ wà lókè nìkan. Fún ẹ́ńjìnì tí a ò fọwọ́ kàn, kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ la ẹ́ńjìnì.

Òkè Ọ̀kà ń dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Jíà kẹta ló tọ́ síbẹ̀ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìkẹrin bá ń kú níbi òkè tó rọ̀ pẹ̀lú, àárẹ̀ ti mú ẹ́ńjìnì. Ẹ tú sàlẹ́ńsà kí ẹ wo bóyá èédú ti dí i, ẹ fọ fíltà afẹ́fẹ́, ẹ wo rìǹgì písítìnì, kí ẹ sì rí i pé tímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná, wà ní 23 dígíríì.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa la ẹ́ńjìnì nítorí bẹ́árìn tàbí síìlì kíránkì, ẹ ra jíà 36 dání, torí owó iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ ra gáskẹ́ẹ̀tì odindi, síìlì kíránkì méjèèjì, àti síprìǹgì inú jíà ńlá, nítorí àwọn ló ń gba fífà òjijì ẹ́ńjìnì, wọ́n sì máa ń ṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to jíà sórí ọ̀pá wọn, ẹ fi fíìlà géèjì wọn àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn: kó wà láàárín 0.15 sí 0.40 mm. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pààrọ̀ rìǹgì ẹ̀gbẹ́ sí èyí tó nípọn jù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń fo ibi yìí, òun ló sì ń mú kí jíà máa fò jáde lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Mo ti fi jíà kílọ́ọ̀ṣì eléyín 23 sí PX 125 mi. Ó ń hu bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, kílọ́ọ̀ṣì náà sì ń yọ̀. Kí ló dé?
— Olùkà, ìlú Oǹdó

Ó dà bíi pé 23 ti PX 200 ni wọ́n tà fún yín. Èyí tó ń bá jíà ńlá eléyín 65 rìn ni. Tiyín ní 68. Ìrísí eyín wọn kò bára mu, ẹnu eyín nìkan ni wọ́n fi ń kan ara wọn. Ẹ dá a dúró kí eyín tó ṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ṣe fún 68, kí ẹ kun eyín méjì mẹ́ta, kí ẹ yí i, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti bó: àárín eyín ló yẹ kó ti bó. Láìsí sìlíńdà ńlá, 21 ni kí PX 125 yín mọ.

Ní ti kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀, ẹ wo wáyà rẹ̀ kó má le jù, kí ẹ sì wo ọ́ìlì. SAE 30 lásán ni, mílílítà 250. Ọ́ìlì mọ́tò òde òní tí wọ́n fi èròjà ìyọ̀ sí ń ba kọ́ọ̀kì jẹ́. Bí ẹ bá ti da irú rẹ̀ sí i, ẹ pààrọ̀ kọ́ọ̀kì pẹ̀lú.

Fẹ́sípà Super ni bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, taya íńsì 8 ni. Bí mo bá fi taya 10 sí i, ṣé kò ní sáré láìjẹ́ pé mo fọwọ́ kan jíà?
— Olùkà, Ọ̀wọ̀

Á sáré, bẹ́ẹ̀ ló sì máa dẹ́kun fífà. Taya 8 ń rìn tó mítà 1.18 ní yíyí kan, taya 10 ń rìn 1.33, ìdá 13 nínú 100 nìyẹn, ó ju fífi eyín méjì kún kílọ́ọ̀ṣì lọ. 150 tí a ò tún ṣe kò ní lè gbé e lórí òkè. Ti iwájú kò sì ní wọ inú fọ́ọ̀kì yẹn láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ fọ́ọ̀kì. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Jíà kejì mi máa ń fò jáde bí mo bá yíná.
— Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA, Àkúrẹ́

Ẹ kọ́kọ́ tún wáyà jíà méjèèjì fà kí wọ́n dọ́gba. Bó bá ṣì ń fò, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin inú ọ̀pá jíà ti jẹ lẹ́nu. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní kọ́rọ́ọ̀sì. Ti PX àtijọ́ àti ti PX tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀: ti àtijọ́ tẹ̀, ti ìkẹyìn tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ mú èyí tó jáde lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ọwọ́ òsì ni ìdè ọ̀pá tó dì í mú ń gbà, òdìkejì nọ́ọ̀tì tó kù, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ yí i sí bí ẹ bá fẹ́ tú u.