Gbígbé ìyá ajá àti ọmọ rẹ̀ láti Iléṣà dé Ìkòròdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa ìyá ajá yín àti ọmọ rẹ̀ ọlọ́sẹ̀ 9, tẹ́ ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe wébìlì ní gáréèjì Iléṣà ni àbí kẹ́ ẹ fi Corolla yín gbé wọn lọ sí Ìkòròdú: ẹ fúnra yín gbé wọn. Bùútù ni dẹ́rẹ́bà máa ń kó ẹrù wébìlì sí. Ọmọ ajá inú páálí tí wọ́n fi àpò gààrí tì mọ́ kọ́nà lè máa kú lọ láàárín Òṣú sí Gbọ̀ngán, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Bùútù ò ní atẹ́gùn, bí sàlẹ́ńsà bá sì ti lu, èéfín rẹ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ ní ọ̀nà jíjìn ló ń bà yín lẹ́rù. Ooru ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Ahọ́n tó yọ síta, tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun ni fáànù rẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú bá ti gbóná, fáànù yẹn ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ara ajá tó dá ṣáṣá máa ń wà láàárín ìwọ̀n 38 sí 39 lórí Celsius. Tó bá kọjá 41, ọpọlọ, kíndìnrín àti ìfun ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ páàkì sínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 gbóná sí i láàárín ìṣẹ́jú 10 péré, wíńdò tẹ́ ẹ ṣí díẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ dín in kù. Torí náà, bó ti wù kí àkókò náà kéré tó, ẹ má fi wọ́n sínú ọkọ̀ kẹ́ ẹ lọ ra nǹkan. Ẹ mú ẹnì kan dání tó máa dúró tì wọ́n.

Aago 6 àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbéra. Ẹ máa ti kọjá Ìbàdàn kí oòrùn tó mú, ẹ sì máa yà ní Ṣàgámù gba ọ̀nà Ìkòròdú kó tó di ọ̀sán gangan. Ẹ ò sọ irú ajá tó jẹ́. Tó bá jẹ́ Lhasa tàbí irú mìíràn tí imú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ má dán an wò rárá tí AC yín ò bá ṣiṣẹ́, torí ọ̀nà èémí wọn há, wọn ò lè mí hẹlẹ tó bó ṣe yẹ. Ihò AC tó kọjú sẹ́yìn kì í sí nínú ọ̀pọ̀ Corolla. Ẹ yí ihò méjèèjì àárín sẹ́yìn, kẹ́ ẹ wá ki ọwọ́ bọ inú kéèjì fúnra yín. Tí ọwọ́ yín ò bá tutù níbẹ̀, ajá yín náà ò ní tutù.

Ọ̀rọ̀ kéèjì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹ wọn ajá láti imú dé ìdí ìrù, ẹ wọn ẹsẹ̀ iwájú láti ilẹ̀ dé ìgbúnwọ́, kẹ́ ẹ fi ìdajì ti ẹsẹ̀ kún ti ara. Ajá tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, kéèjì rẹ̀ máa gùn tó 85. Gíga rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga ju orí etí lọ nígbà tí ajá bá nàró. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ yín. Kéèjì tó bá ajá mu dáadáa lè má gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Bẹ́ẹ̀ bá rí ọ̀kan tó gbà, ẹ fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dì í pa. Ẹ gbé e sílé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ìyá máa jẹun nínú rẹ̀ láìti ilẹ̀kùn, kó má baà jẹ́ pé ọjọ́ ìrìn ló kọ́kọ́ máa mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ́ ìró àlòkù tí òórùn yín wà lára rẹ̀ sínú.

Tí kò bá wọlé, ẹ ra bẹ́líìtì àyà, irú èyí tó gba abẹ́ abíyá iwájú méjèèjì, kẹ́ ẹ so ó mọ́ bẹ́líìtì ọkọ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Okùn náà máa gùn tó kó lè dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kó má lè dé ìjókòó iwájú. Ẹ má so bẹ́líìtì ọkọ̀ mọ́ ìdè ọrùn láéláé: tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì lójijì, ọrùn ló máa gba gbogbo ìwúwo ara rẹ̀. Iwájú ò sì dára fún un, torí airbag tó bá bẹ́ lè pa á. Ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má kó àwọn méjèèjì sínú kéèjì kan, ìyá lè tẹ̀ ẹ́ pa bí ọkọ̀ bá gbọ̀n. Kéèjì kékeré onírọ́bà, nílẹ̀ ẹ̀yìn ìjókòó iwájú, ló yẹ ẹ́.

Ẹ fún ìyá lóúnjẹ díẹ̀ lálẹ́, kẹ́ ẹ má fún un lóúnjẹ láàárọ̀. Ọmọ ọlọ́sẹ̀ 9 ò lè gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣúgà ara rẹ̀ máa ń tètè lọ sílẹ̀. Ẹ fún un ní díẹ̀ ní bíi wákàtí 2 kẹ́ ẹ tó gbéra. Tó bá ń dami lẹ́nu, tó ń lá ètè, tó ń yán léraléra, èébì ń bọ̀. Dókítà ẹran ní oògùn tó ń dènà rẹ̀, maropitant ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n ara ajá ni wọ́n sì fi ń wọn ọ́n. Ẹ má fún un ní oògùn oorun tí ẹnikẹ́ni júwe ní gáréèjì. Acepromazine, fún àpẹẹrẹ, máa ń mú kí ara dákẹ́ kí ẹ̀rù sì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ń dín agbára ìfúnpá kù, kì í sì í jẹ́ kí ara lè ṣètò ooru rẹ̀. Parasítámọ́ọ̀lù àti ibuprofen, májèlé ni wọ́n fún ajá.

Ẹ gbé ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi ti ìyá dání. Ọmọ ò tíì tó gbà á, oṣù 3 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún un. Parvo, àrùn tó ń mú ọmọ ajá bì, tó sì ń mú un ṣu gbuuru, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù fún un. Kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, àjẹsára rẹ̀ kì í sì í pé kí ọmọ ajá tó pé ọ̀sẹ̀ 16. Ní ibikíbi tí ẹ bá ti dúró, ẹ má gbé e sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ni kẹ́ ẹ tẹ́ sínú kéèjì fún ìtọ̀ àti ìgbẹ́.

Ní Ìkirè, àwọn olódòdò máa sáré bá ọkọ̀. Ẹ gbé wíńdò sókè, ajá tí ẹ̀rù ń bà lè gé ọwọ́ wọn jẹ. Ẹ má sì fún un ní dòdò náà, epo àti ata inú rẹ̀ máa dà á nínú rú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìyá tọ̀, ẹ wá ilé epo tó ní àgbàlá gbòòrò, kẹ́ ẹ so okùn mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tó já ní Aṣéjírẹ́ ò lóríkunkun o. Ariwo tírélà ti dí i létí. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sára ìdè ọrùn rẹ̀.

Gálọ́ọ̀nù omi méjì ò gbọdọ̀ wọ́n nínú ọkọ̀. Tí erìgì rẹ̀ bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí itọ́ ẹnu rẹ̀ bá ki, tó ń rìn tàgétàgé tàbí tó bì, ooru ti mú un. Ẹ dúró sábẹ́ òjìji, ẹ da omi lásán sí i lára, pàápàá abẹ́ ikùn àti ìtan, kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ. Ẹ má fi aṣọ tútù bò ó, aṣọ náà máa ń dí ooru mọ́ ọn lára. Ẹ má sì da omi sí i lẹ́nu. Tó bá ti dìde, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran, torí kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tó bá jẹ́ ìtòsí Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹran.

Tẹ́ ẹ bá dé Ìkòròdú, ẹ kọ́kọ́ fún wọn lómi, oúnjẹ lè dúró di wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kẹ́ ẹ fi máa fokùn mú ìyá jáde, torí ajá tí kò tíì mọ òórùn àdúgbò tuntun, tí géètì bá ṣí, ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé e wá ló máa kọjú sí.