Wákàtí Mẹ́fà ní Dubrovnik: Ibo Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wọ̀ lóṣù Keje máa dúró ní Dubrovnik, lórílẹ̀-èdè Croatia, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ṣé a lè rìn lórí odi ìlú náà ká sì tún rí inú ìlú? Orúnkún ń yọ ìyàwó mi lẹ́nu díẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe méjèèjì, bí ẹ bá fi odi ṣáájú. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1,940, ó sì ń gbà tó wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibòji kò fi bẹ́ẹ̀ sí lókè níbẹ̀. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá, oòrùn ń jó yín lórí, òkúta ń jó yín lẹ́sẹ̀.

Ibi tí ẹ bá gbà gòkè ló máa sọ bó ṣe máa rọrùn tó. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló wà: Pile, Ploče, àti ẹ̀bá ilé ìṣọ́ St. John létí èbúté àtijọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà rìn lórí rẹ̀, ìlú á wà lọ́wọ́ òsì yín. Ẹni tó bá ti Pile wọlé á kọ́kọ́ rí etí òkun, ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́ tán ló tó máa gun Minčeta, ibi tó ga jù. Ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ le, á dára kó ti Ploče wọlé, kó gun Minčeta nígbà tára ṣì le. Ti ìyàwó yín yàtọ̀: ẹ ti Pile gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ rin apá òkun, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ ní St. John. Ẹ ò pàdánù púpọ̀, apá òkun ló dùn ún wò jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì yẹn kò tún ní gbé yín wọlé mọ́.

Lókè níbẹ̀, ẹ wo òrùlé. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tó rí játijàti, ti pẹ́. Èyí tó pọ́n dòò, tó dọ́gba, wọ́n fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ìbọn ńlá ogun ọdún 1991 sí 1992 ti fọ́ ọ.

Ìbéèrè: Èbúté Gruž ni ọkọ̀ wa máa gúnlẹ̀ sí. Ṣé dandan ni ká ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ń tà?

Ìdáhùn: Rárá o. Bíi kìlómítà mẹ́ta ni Gruž sí Pile, bọ́ọ̀sì ìlú 1A àti 1B sì ń lọ síbẹ̀. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ìsọ̀ kékeré létí ọ̀nà. Tọwọ́ awakọ̀ wọ́n jù ú lọ. Yúrò ni wọ́n ń ná láti ọdún 2023.

Pípadà sínú ọkọ̀ ló ń kó èèyàn sí wàhálà. Pile ni bọ́ọ̀sì, takisí àti àwọn èrò tó ń tẹ̀ lé afinimọ̀nà ti ń pàdé, ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì fún. Ọkọ̀ tó máa ṣí ní aago méjì lè fẹ́ kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago kan ààbọ̀ tàbí ṣáájú. Ẹ kúrò ní Pile ní aago méjìlá ààbọ̀, ó pẹ́ tán. Bó bá jẹ́ láti Gíríìsì lọkọ̀ ti ń bọ̀, wákàtí kan ni Gíríìsì fi ṣáájú Croatia: aago ọkọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ti fóònù.

Bó bá jẹ́ ojú omi lọkọ̀ dákọ̀ró sí, ọkọ̀ kékeré á já yín sí èbúté àtijọ́, lẹ́bàá odi gan-an. Ẹ béèrè ìgbà tí èyí tó kẹ́yìn máa padà.

Ìbéèrè: Irú bàtà wo ló yẹ?

Ìdáhùn: Èyí tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ. Ẹsẹ̀ èèyàn ti fá òkúta Stradun, títì àárín ìlú, títí ó fi ń dán bíi dígí. Bí òjò bá kàn ta sí i báyìí, yíyọ̀ ló kù. Ẹ mú ike òfìfo dání: omi orísun ńlá Onofrio, tó ti wà láti ọdún 1438 nítòsí Pile, ṣe é mu, ọ̀fẹ́ sì ni.

Bí ẹ bá ń rìn lọ ní Stradun, ẹ wo ẹnu àwọn ìsọ̀. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ ọdún 1667 ni wọ́n tún wọn kọ́, wọ́n sì fi wọ́n jọra. Ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé wà lábẹ́ òkúta kan náà tó tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n mọ ìdajì rẹ̀ dé ìbàdí, orí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà fún ẹni tó dúró níta. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní na koljeno, ìyẹn «lórí orúnkún».