Kúlà ìyá ni kí ẹ tẹ̀lé, ẹ fi ọ̀rọ̀ orin sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá n'Ìbàdàn níbí. Olùkọ́ wa ní ká ṣe fídíò orin tó ń sọ ìtàn. Ọ̀kan nínú wa ló kọ orin náà, ìṣẹ́jú 3 àti ààbọ̀ ni. Ó ń bẹ ìyá rẹ̀ tó pa tì látìgbà tó ti wọlé ẹ̀kọ́. Fóònù méjì la ní, ọjọ́ méjì péré la sì lè fi yà á. Èrò wa ni pé bó bá ti kọ "òjò", ká ya òjò. Bó bá kọ "omijé", ká ya ẹni tó ń sunkún. A fẹ́ ya díẹ̀ níwájú Cocoa House. A tún fẹ́ slow motion, àmọ́ gbogbo ìgbà tí a bá dán an wò, ẹnu olórin kì í bá orin mu mọ́. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú làákàyè. Ètò òjò àti omijé yẹn, ẹ dà á nù ná. Etí ti gbọ́ òjò. Bí ojú bá tún rí òjò, iṣẹ́ kan náà lẹ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí orin kò sọ ni kí ẹ wá lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni, kúlà ọbẹ̀ ni n ó mú. Ìyá ń tajà l'Ọ́jà'ba, ọmọ ń gbé họ́sítẹ̀lì. Nígbà àkọ́kọ́, ìyá gbé kúlà lé itan nínú Micra, ó gba Bẹẹrẹ, ó gba Mọ́kọ́lá dé Sáńgo, títí dé ẹnu géètì. (Ọbẹ̀ ni o, kì í ṣe àmàlà. Àmàlà tó bá bá wọn há sínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ yẹn á ti gan.) Ọmọ gbà á, kò wo ojú ìyá, fóònù ló wà létí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbà á. Lẹ́ẹ̀kẹta, kúlà wà lọ́dọ̀ bàbá ṣìkìọ́ríìtì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ègbè tó gbẹ̀yìn, ọmọ tẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rí kúlà mẹ́ta tí kò fọ̀. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú Micra tó ń padà lọ sọ́nà Ọjà'ba, kúlà tó ti fọ̀ wà lórí itan rẹ̀, bí ìyá ṣe gbé e lọ́jọ́ kìíní gan-an. Ẹkún ò sí níbẹ̀. Ẹ ò sì ní láti ya ojú ìyá nígbà tó bá rí i. Ọwọ́ rẹ̀ tó ń gba kúlà ti tó.

Ẹ mú ìwé báyìí. Ìṣẹ́jú àáyá 210 ni orin yín. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ nílò bíi 70. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sójú ìwé: àkókò, ohun tí orin ń sọ, ohun tí ojú ń rí. Ibikíbi tí ìlà kejì àti ìkẹta bá ti jọra, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ ronú sí i. Ọjọ́ kan gbáko ni kí ẹ fi ṣe èyí, kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù.

Ibi ni kí ẹ fi tò ó tí ẹ bá ń yà, kì í ṣe bí ìtàn ṣe tẹ̀ léra. Gbogbo ti inú Micra lójú kan, ti lílọ àti ti bíbọ̀. Gbogbo ti géètì lójú kan. Ẹ ya fọ́tò aṣọ àti ọwọ́ tó gbé kúlà, kó má di pé ọwọ́ ọ̀tún gbé e wọlé, tòsì gbé e jáde. Mo ti jìyà rẹ̀ rí: a ya olórin láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, ojú rẹ̀ nìkan ṣáá. Nígbà tí mo jókòó láti tò ó pọ̀, kò sí ọwọ́, kò sí ẹsẹ̀, kò sí nǹkan tí mo lè gé sí.

Cocoa House ńkọ́? Àjà 26 ni. Kó tó wọ inú àwòrán tán, ẹ ó ti sún sẹ́yìn débi tí ọmọ yín á fi dà bí èèrà. Ó ti wà ní Dùgbẹ̀ láti 1965, kò ní sá lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ de fídíò mìíràn. Ọjà ni kí ẹ lo àárọ̀ yín fún: ẹ lọ kí àwọn ìyá ọlọ́jà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, kí ẹ sì ra nǹkan lọ́wọ́ wọn.

Láàárín aago méje sí mẹ́sàn-án àárọ̀, àti láti bíi aago mẹ́rin àtààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ni oòrùn dára lójú èèyàn. Lọ́sàn-án gangan, òjìji á bo ihò ojú. Ẹ wọ inú yàrá, kí ẹ jókòó ti fèrèsé, kí ẹ fi páálí funfun ta ìmọ́lẹ̀ sí ìhà kejì.

Ẹ fi fóònù méjèèjì sí airplane mode, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìpè kan lè dá àwòrán tó dáa jù dúró. Fréèmù 25 (iye àwòrán tí fóònù ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), shutter 1/50 (bí ojú fóònù ṣe ń pẹ́ tó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan): iná mànàmáná wa jẹ́ 50Hz, bí ẹ bá lo 30 àti 1/60 lábẹ́ gílóòbù, ìlà dúdú lè máa rìn lójú àwòrán. (Jẹnẹrétọ̀ tí kò dúró sójú kan ṣì lè mú un wá.)

Slow motion wá kù. Ẹ fi fóònù sí fréèmù 50, kí ẹ mú orin yá ní ìlọ́po méjì látinú sípíkà, kí olórin sáré fi ẹnu tẹ̀lé e. Bí ẹ bá wá dín eré àwòrán náà kù sí ìdajì, ara á rọra máa lọ, ẹnu á sì bá orin mu. Ẹnu á kọ́kọ́ kọ́ ọ, ẹ jẹ́ kó dánra wò nílé. Ẹ má pa ohùn fóònù o, òun lẹ ó fi mọ ibi tí àwòrán àti orin ti pàdé nígbà tí ẹ bá ń tò wọ́n pọ̀. Ègbè kan péré ni kí ẹ ti lo slow motion yìí, èyí tí ọmọ ti tẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.