Ṣé Corvette Tuntun Yìí Tó Iye Tí Wọ́n Ń Pè É?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, a máa ń ka abala yín dáadáa níbí. Kajú ni mò ń rà tí mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí Corvette tuntun, C8 yẹn, ti wà lọ́kàn mi. Ní 2022 ajẹ́ntì kan l'Ékòó sọ fún mi pé tí n bá mú mílíọ̀nù 60 wá òun á gbé e wá bá mi nílé, mo ní kó jẹ́ n rò ó wò ná. Ní báyìí mílíọ̀nù 165 ló ń pè é, ó tún ní tí n ò bá san àsansílẹ̀ kí oṣù yìí tó parí ó máa di 190 lọ́dún tó ń bọ̀, pé owó mọ́tò yìí kì í wálẹ̀, pé owó tí mo bá kó lé e ò lè sọnù. Ìyàwó mi ní orí mi ti dàrú. Ẹ bá mi dá sí i, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀ àbí kò tó bẹ́ẹ̀?
Oníkajú, Ògbómọ̀ṣọ́

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ẹ kú ọrọ̀ ajé o, ọjà á tà. Mo fẹ́ràn mọ́tò yẹn, ẹ jẹ́ n ti sọ ìyẹn kí n tó sọ nǹkan míì, kẹ́ ẹ má lọ rò pé ẹni tó kórìíra mọ́tò eré ló ń gbà yín nímọ̀ràn. Láti 1953 tí wọ́n ti ń ta Corvette, iwájú ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa ń wà, àfi ìgbà tí wọ́n fi C8 yìí, ìran kẹjọ Corvette, han aráyé ní July 2019 tí wọ́n ti gbé ẹ́ńjìnnì wá sẹ́yìn dẹ́rẹ́bà, V8 lítà 6.2, agbára ẹṣin 490, gíà tó ní kíláọ̀ṣì méjì tó ń yí padà kéèyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n ní kéèyàn mú dọ́là 59,995 wá. Irú ẹ̀ lọ́wọ́ Ferrari tàbí Lamborghini nígbà yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn lọ. Mi ò rí ẹni tó lè sọ fún mi pé mọ́tò yẹn ò tó 59,995 l'Amẹ́ríkà.

Àmọ́ mílíọ̀nù 165 lẹ bi mí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn nìkan ni mo sì fẹ́ dá yín lóhùn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká tú owó yẹn ká wo inú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di mọ́tò ọdún 2024, 59,995 yẹn ti sún mọ́ 70,000. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ó ti gbówó lórí, òótọ́ sì ni, nǹkan bíi 17 nínú 100 ló gun orí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 2019 sí 2024 yẹn náà, ọjà gbogbo l'Amẹ́ríkà, oúnjẹ o, owó ilé o, gbogbo ẹ̀ pátá tẹ́ ẹ bá dà á pọ̀, ó fi ju 20 nínú 100 lọ. Ìyẹn ni pé lọ́dọ̀ ará Amẹ́ríkà tó ń gba owó oṣù ní dọ́là, Corvette ò tíì wọ́n bí ọjà yòókù ṣe wọ́n. Ta ló wá wọ́n fún? Àwa ni. Ní May 2023, dọ́là kan ní báńkì ò ju nǹkan bíi 460 náírà lọ, oṣù kẹfà ọdún yẹn ni CBN jọ̀wọ́ okùn ẹ̀, ó sì sá lọ. Tẹ́ ẹ bá fi 460 ṣírò 70,000 dọ́là, mílíọ̀nù 32 àti díẹ̀ ni, tẹ́ ẹ bá fi 1,500 ṣírò ẹ̀, mílíọ̀nù 105. Mọ́tò kan náà ni o. Wọn ò fi ẹṣin kan kún un, wọn ò fi táyà kan kún un. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 tó gorí ẹ̀ yẹn, náírà wa ló ṣubú.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí: ajẹ́ntì yín ń sọ fún yín pé mọ́tò ló ń níyì sí i, irọ́ ni. Dọ́là lẹ máa rà tẹ́ ẹ bá ra mọ́tò yẹn, dọ́là tẹ́ ẹ ti so táyà mẹ́rin mọ́, tí ojú ọ̀nà á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rù pé náírà á tún ṣubú ló ń lé yín eré, tí àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ yín sì ń san dọ́là fún yín, ẹ fi dọ́là yín sílẹ̀ ní dọ́là, ó parí. Tí náírà bá sì wá gbérí díẹ̀, mọ́tò yìí á wálẹ̀ ní náírà, ẹni tó sáré rà á á wá máa wò.

Mi ò pe ajẹ́ntì yẹn lólè o. Tẹ́ ẹ bá ti yọ owó mọ́tò, owó ọkọ̀ òkun wà níbẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù á gba dúútì, wọ́n á gba lẹ́fì, VAT 7.5 nínú 100 tún wà, rate dọ́là ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì máa ń fi ṣírò ẹ̀, torí náà tó bá dé 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo fẹ́ ni kó tú u sílẹ̀ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sọ iye tó jẹ́ tiẹ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò bébà tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé gbogbo mọ́tò tuntun l'Amẹ́ríkà fún yín, òfin ló ti fi dandan lé e láti 1958, iye tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n tà á wà lórí ẹ̀ gbàgàdà, gbogbo nǹkan tí wọ́n fi kún un náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó ẹ̀. Tí díílà bá ti lẹ bébà kékeré míì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ní ọjà ti yí padà kẹ́ ẹ fi 10,000 kún un, èrè díílà nìyẹn, kì í ṣe owó mọ́tò. Ẹ tún bá mi wo nọ́ńbà ṣaasí ẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni létà àti nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, ẹ ka ìkẹwàá: L ni 2020, M ni 2021, N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024, S ni 2025. Ẹni tó bá ń pe M ní mọ́tò tuntun fún yín, ẹ dìde kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín.

Ní ti pé kì í wálẹ̀, ó ti wálẹ̀ rí. Ìgbà kan wà tí àlòkù C8 wọ́n ju tuntun lọ l'Amẹ́ríkà, òótọ́ ni, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ajẹ́ntì yín ti rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ wo ohun tó fà á. Àwọn òṣìṣẹ́ General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Corvette, daṣẹ́ sílẹ̀ láti September wọ October 2019, ìgbà tó yẹ kí mọ́tò yẹn máa jáde gan-an, Kòrónà ti ilé iṣẹ́ pa lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹ̀rọ kékeré tó máa ń wà nínú kọ̀ǹpútà mọ́tò wọ́n lágbàáyé, ní December 2021 ìjì líle tún jà ní Bowling Green ní Kentucky níbi tí wọ́n ti ń ṣe Corvette, orí òrùlé ilé iṣẹ́ bà jẹ́, mọ́tò tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló bá a lọ. Mọ́tò ò sí nílẹ̀, olówó sì ń dù ú. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ padà, owó tí wọ́n fi lé e yẹn pòórá, àwọn tó rà á lówó ìdùdù ló gbé gbèsè ẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n nínú kajú. Tí ẹni tó fẹ́ ta kajú fún yín bá ní kẹ́ ẹ yáa kó gbogbo owó yín síbẹ̀ torí ó máa wọ́n lọ́la, ẹ máa bi í pé kí ló dé tí òun fi ń tà á lónìí.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ojú ọ̀nà, torí ibi tó dùn mí jù nìyí. Abẹ́ mọ́tò yẹn sí ilẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ. Mo rí Mustang pupa kan ní òpópónà kan lẹ́bàá Tákíè, ó fẹ́ gba orí bọ́m̀pù tí àwọn ọmọ àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ. Dẹ́rẹ́bà ní kí gbogbo àwọn tó wà nínú ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dábùú mọ́tò, táyà kan kọ́kọ́ gùn ún, èkejì tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, síbẹ̀ a gbọ́ ọ tó ha kèèè, rọ́bà dúdú abẹ́ bọ́m̀pà iwájú já, ó ń wọ́ nílẹ̀, ọlọ́kadà kan ló bá a wá okùn tó fi so ó. Bọ́m̀pù kan péré nìyẹn, mélòó ló wà láti ibẹ̀ dé Under G? Wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan mọ́ Corvette tó máa ń gbé imú ẹ̀ sókè ní mílímítà 40, ó sì lè fi ibi 1,000 sórí kó máa gbé imú sókè fúnra ẹ̀ tó bá ti débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa rà á rárá, ẹ má ra èyí tí ò ní ẹ̀rọ yẹn.

Kò ní ẹ̀sítírà táyà. Irú táyà tó ṣì lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti jáde tán ni wọ́n fi sí i, ti ẹ̀yìn jẹ́ 305/30 lórí rímù ínṣì 20, fọkanáísà wo ló ní i nílẹ̀ ní Sábó? Tó bá bẹ́ lọ́nà Ọ̀yọ́ láàárín tírélà, ẹ máa pe Èkó lórí fóònù ni, ẹ sì máa dúró. Gíà ẹ̀ náà kì í ṣe gíà tí mẹkáníìkì Corolla ń tọwọ́ bọ̀, bó bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 12,000 ló yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ pààrọ̀ fílítà ẹ̀, pẹ̀lú sìkánà tó mọ̀ ọ́n àti òróró tiẹ̀ gan-an. Táǹkì gba nǹkan bíi lítà 70, ilé iṣẹ́ sì fẹ́ kẹ́ ẹ máa bu epo premium, irú èyí tó ga ju epo lásán lọ, sí i, àmọ́ epo tí Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń rà lẹ̀yin náà máa rà torí òun nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́, kò ní fún yín ní gbogbo agbára tẹ́ ẹ sanwó fún.

Torí náà, rárá, ọ̀gá mi. Tuntun ní mílíọ̀nù 165, kò tó bẹ́ẹ̀ fún yín. Tó bá jẹ́ pé Èkó lẹ̀ ń gbé, tẹ́ ẹ sì ní ẹni tó mọ gíà ẹ̀, mo lè sọ ọ̀tọ̀. Ohun tó tún ń kọ mí lóminú ni pé kajú á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní oṣù kejì, ìgbà yẹn lẹ nílò owó lọ́wọ́ jù, ajẹ́ntì sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti mílíọ̀nù 165 mọ́ inú ọkọ̀ òkun. Ìyàwó yín ò ṣàṣìsọ. Ẹ jẹ́ kí àsìkò kajú kọjá. Tí mọ́tò yẹn bá ṣì ń jẹ yín lọ́kàn lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àlòkù 2021 sí 2023 tí ò ní jàǹbá rí, tí bébà fèrèsé ẹ̀ ṣì wà, tó ní ẹ̀rọ agbémú-sókè, kí ará Amẹ́ríkà kan ti bá yín gbé àdánù ọdún àkọ́kọ́, ẹ wá máa wà á lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ Sunday nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sí, mo sì máa bá yín yọ̀ gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọkọ mi ti san owó díẹ̀ lórí Corvette kan tó ń bọ̀ láti Japan, ó ní ó fi mílíọ̀nù bíi mélòó kan dín ju ti Amẹ́ríkà lọ, àmọ́ apá ọ̀tún ni sítíárìn ẹ̀ wà. Ṣé kò léwu?
Ìyá Ìbejì, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ó léwu, Ìyá Ìbejì. C8 yìí ni Corvette àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ṣe sítíárìn ọ̀tún fún, torí àwọn ará Japan, Australia àti ìlú Ọba. Àwa ti kúrò lápá òsì láti 2 April 1972, òfin wa ò sì gbà kí wọ́n kó mọ́tò sítíárìn ọ̀tún wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró síbẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó ráyè wọlé, ẹ fojú inú wò ó lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tí mọ́tò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ti jọ ń gba ẹyọ ọ̀nà kan, tó fẹ́ ya tírélà sílẹ̀: apá ọ̀tún ló jókòó sí, mọ́tò ọ̀hún sì kúrú, ẹ̀gbẹ́ tírélà nìkan ló máa rí, gbogbo ara mọ́tò á ti yọ síta kí òun tó rí ohun tó ń bọ̀. Kò sí owó tó dín tó lè san ìyẹn. Ẹ ní kó pe ẹni tó sanwó fún lónìí, kó béèrè bóyá mọ́tò ti wọ ọkọ̀ òkun, tí ò bá tíì wọ̀ ọ́, kó gba owó ẹ̀ padà, kódà tí wọ́n bá máa yọ díẹ̀ níbẹ̀.