Ẹ Bi Wá: Ṣé Kí Wọ́n Ta Àgbà Ajubọ́ọ̀lù Yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ikọ̀ bésíbọ́ọ̀lù tí mò ń tì lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà ti fìdí rẹmi lọ́dún yìí. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣeé gbọ́kàn lé nínú wọn ni ajubọ́ọ̀lù ẹni ọdún 34 kan, àdéhùn rẹ̀ sì máa parí lópin sáà yìí. Àwọn kan ní kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ kí oṣù Keje tó tán, àwọn kan ní tó bá lọ, ikọ̀ náà parí nìyẹn. Ìdíje mẹ́fà péré ló borí, ó pàdánù mẹ́sàn-án. Ta ló tiẹ̀ máa fẹ́ ẹ?

ÌDÁHÙN: Kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, àmọ́ kí wọ́n má fi tọrẹ. Òfin MLB (líìgì bésíbọ́ọ̀lù tó ga jù ní Amẹ́ríkà) fúnra rẹ̀ ló jẹ́ ká mọ iye tí wọn ò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí.

Bí ọkùnrin náà bá wà lọ́dọ̀ wọn títí sáà fi parí, wọ́n lè fi àdéhùn ọdún kan lọ̀ ọ́, ní iye tí wọ́n ń kéde lọ́dọọdún (lẹ́yìn sáà 2024, mílíọ̀nù 21.05 dọ́là ni). Tó bá kọ̀ ọ́, tó sì bá ikọ̀ mìíràn lọ, wọ́n á láǹfààní láti yan ọ̀dọ́ kan sí i nínú draft (ètò tí àwọn ikọ̀ fi ń pín ọ̀dọ́ tuntun láàárín ara wọn). Ikọ̀ tó bá rà á láàárín sáà kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn tí ẹlòmíràn fi lọ̀ wọ́n kò bá dára ju ọ̀dọ́ tí wọ́n lè rí ní draft lọ, kí wọ́n di ọkùnrin wọn mú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n lè fi irú àdéhùn yìí lọ èèyàn láyé rẹ̀, ẹni ọdún 34 sì lè ti gba tirẹ̀ rí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfo ni wọ́n máa wà tó bá lọ. Kí wọ́n tà á kíákíá.

Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n wo iye ọdún tó ti lò. Ẹni tó bá ti lo ọdún 10 nínú MLB, tó sì jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ikọ̀ kan náà ló ti lo 5 tó kẹ́yìn, lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò lọ.

Ẹ má jẹ́ kí mẹ́fà sí mẹ́sàn-án dà yín láàmú. Ikọ̀ tí kì í gba ayò wọlé máa ń jẹ́ kí ajubọ́ọ̀lù gidi pàdánù: ní 2018, Jacob deGrom borí 10, ó pàdánù 9, síbẹ̀ ERA rẹ̀ (ìpíndọ́gba ayò tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ nínú odindi ìdíje kan) jẹ́ 1.70, òun náà ló sì gba Cy Young, àmì ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó dára jù. Ohun tí olùrà ń wò ni iye ẹni tó yọ pẹ̀lú strikeout (láìjẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù náà), iye ẹni tó fún ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́, àti bóyá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ṣì ń yára bíi ti èṣí.

Ohun tí wọ́n ń gbà padà ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ní 2002, Cleveland fi ajubọ́ọ̀lù wọn, Bartolo Colón, fún Montreal Expos, wọ́n rí ọ̀dọ́ mẹ́ta tó wá di ìràwọ̀ gbà, Cliff Lee, Grady Sizemore àti Brandon Phillips, pẹ̀lú Lee Stevens. Ó ṣeé ṣe nítorí pé àdéhùn Colón ṣì ku sáà kan àti ààbọ̀. Ní 2017, Detroit fi ajubọ́ọ̀lù wọn, Justin Verlander, fún Houston, wọ́n gba ọ̀dọ́ mẹ́ta. Houston gba World Series, ife ẹ̀yẹ MLB, lọ́dún náà. Franklin Perez, ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n gbójú lé jù nínú àwọn mẹ́ta, fara pa léraléra, kò sì dé MLB rárá. Jake Rogers tó jẹ́ catcher (ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí ajubọ́ọ̀lù jù) ló wúlò fún wọn. Ní tiwa, agbágibọ́ọ̀lù (ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) kan ṣoṣo tó ti sún mọ́ MLB sàn ju ajubọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ mẹ́ta tó ṣì wà nísàlẹ̀ líìgì kékeré lọ, nítorí apá ọ̀dọ́ kò ṣeé fọkàn tẹ̀. Kí wọ́n sì yẹ ìwé ìlera wọn wò dáadáa.

Bí ẹni tó ni ikọ̀ bá gbà láti san lára owó oṣù ọkùnrin náà, ẹni tó dára jù ni wọ́n máa rí. Ohun tí ikọ̀ New York Mets ṣe nìyẹn ní 2023: wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 dọ́là lára owó ajubọ́ọ̀lù wọn, Max Scherzer, kí Texas tó fún wọn ní ọ̀dọ́ tó ń jẹ́ Luisangel Acuña.

Ìṣòro tó kù ni àlàfo tó máa fi sílẹ̀. Láti ìparí oṣù Keje, ó ṣì ku nǹkan bí ìdíje 10 tàbí 11 tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn bí inning 60 (ìdíje kan ní inning mẹ́sàn-án, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n sì ń yọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan). Tí wọ́n bá di gbogbo rẹ̀ ru ọ̀dọ́ kan, iṣan ìgúnpá rẹ̀ lè já, iṣẹ́ abẹ Tommy John tí wọ́n fi ń tún un ṣe sì máa ń gbà ju ọdún kan lọ kó tó padà. Tí ọ̀dọ́ náà bá ń jáde ní òpin inning kẹta, àwọn tó ń rọ́pò ní láti yọ èèyàn 18 lọ́jọ́ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, apá gbogbo wọn á ti rọ. Kí wọ́n wá àgbàlagbà kan tí owó rẹ̀ kéré, tó lè ju inning márùn-ún, kó gbà á títí sáà fi parí.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kò dára kí wọ́n dúró di ìgbà òtútù, kí ara tó balẹ̀?

ÌDÁHÙN: Rárá. Nígbà yẹn àdéhùn ti parí, kò sí ohun tí wọ́n máa tà. Bó tiẹ̀ ṣẹ́ ku ọdún kan, olùrà lè fi owó nìkan mú ajubọ́ọ̀lù mìíràn láìfi ọ̀dọ́ kankan sílẹ̀. Oṣù Keje ni ọjà wọ́n. Àti pé Verlander kọjá sí Houston ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ; láti 2019, òfin kò gba irú rẹ̀ mọ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá ti kọjá, ó ti kọjá.