Abẹ́ ikùn ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin òbí. Ọmọbìnrin mi ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwa wà ní Toronto níbí. Abẹ́ ikùn ń dùn ún, ó ń lọ ó ń bọ̀. Kẹ́míìsì l'Ágbowó fún un ní Flagyl àti Ampiclox, wọ́n ní toilet infection ni. Àǹtí mi ní Mọ́lété sì ní àwọn máa bá a ra àgbo ní Bódè. Ṣé kó ní sùúrù kó wá bá mi ní Kérésì ká jọ rí dókítà?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdààmú ọmọ. Ẹ má dúró de Kérésì o. Manchester lèmi wà, ọmọbìnrin lèmi náà bí. Mi ò sọ pé àrùn ìbálòpọ̀ ló ń ṣe é o, àmọ́ ìjókòó tọ́lẹ́ẹ̀tì kì í kó chlamydia tàbí àtọ̀sí ran èèyàn, ìbálòpọ̀ ni, Flagyl ò sì pa ìkankan nínú méjèèjì, Ampiclox náà ò ṣeé gbọ́kàn lé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní chlamydia ni ò mọ̀ rárá, kò yún wọn, kò ta wọ́n, á kàn máa gòkè díẹ̀díẹ̀ látẹnu ilé ọmọ títí á fi dé inú túùbù tí ẹyin obìnrin ń gbà wá sílé ọmọ, tí túùbù bá wá lápàá ọ̀nà lè dí, tó bá dọjọ́ iwájú tọ́mọ ò dé wọ́n á máa wá àjẹ́ kiri ilé ọkọ. Tàbí kí oyún lọ dúró sínú túùbù yẹn kó bẹ́, kẹ́jẹ̀ ya sínú ikùn.

Kó lọ sí Jaja, ilé ìwòsàn yunifásítì wọn, lónìí, inú ọgbà wọn náà ṣáà ni, tàbí UCH. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe test oyún, tórí tí nǹkan oṣù ò bá wá, tí abẹ́ ikùn ń dùn, tí òòyì tún ń kọ́ ọ, emergency nìyẹn. Kí wọ́n yẹ ìtọ̀ tàbí omi ojú ara wò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún syphilis àti HIV. Oògùn ò lè mú àpá tó ti wà kúrò o, èyí tó ń bọ̀ ló máa dá dúró. Tí wọ́n bá rí nǹkan, bọ̀ọ̀fúrẹ́ndì náà gbọ́dọ̀ lo tiẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tún kó o padà fún un.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ta ni?", á ní abẹ́ ikùn ò dun òun mọ́ ni, á tún sá padà sí kẹ́míìsì. Èmi kì í lo fídíò fún irú ọ̀rọ̀ yìí, tójú ò bá kojú wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ fowó test ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó pè é. Àǹtí, ẹ kí wọn, kí wọ́n fowó àgbo yẹn wọkọ̀ tẹ̀ lé e lọ.