Ọkọ̀ tó ń sá kúrò lẹ́bàá ayé: mo ti jìyà rẹ̀ rí

Àbúrò, o kú iṣẹ́. O ní ọkọ̀ inú géèmù rẹ ń yí ayé po, àmọ́ bó ṣe ń yí i ló ń jìnnà sí i títí tó fi bọ́ sẹ́yìn ojú kọ̀ǹpútà, o sì ti yẹ fọ́múlà òòfà Newton wò títí, o ò rí àṣìṣe. Fi fọ́múlà sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá a jìjàkadì nílé wa ní Ìkéré-Èkìtì. Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, tí bátìrì láptọ́ọ̀pù mi sì ti kú, ni mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo mú bírò, mo fọwọ́ ara mi ṣírò ìgbésẹ̀ kan péré. Ibẹ̀ lojú mi ti là.

Ìwọ náà ṣe é. Fi ayé sáàárín, fi ọkọ̀ sí (1, 0), kí eré rẹ̀ jẹ́ 1 sókè, kí agbára òòfà jẹ́ 1, kí ìgbésẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n àkókò tí kóòdù ń fò lẹ́ẹ̀kan, jẹ́ 0.1. Bí kóòdù rẹ bá ṣírò òòfà níbi tí ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, tó wá kọ́kọ́ sún ọkọ̀ kó tó fi òòfà yẹn yí eré padà, ọkọ̀ á bọ́ sí (1, 0.1), eré rẹ̀ á di (-0.1, 1). Wọn bó ṣe jìnnà sí ayé: 1.005. Wọn eré rẹ̀: 1.005. Ó jìnnà sí i, ó tún sáré sí i! Níbo ló ti rí agbára yẹn? Lójú ọ̀run gidi, ohun tó bá jìnnà ló ń rọra lọ. Ibùdó òfuurufú àgbáyé, tó wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà lókè, ń sá tó kìlómítà 7.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òṣùpá tó wà ní 384,400 kò ju bíi kìlómítà 1 lọ.

Pààrọ̀ ipò ìlà kóòdù méjì yẹn, èyí tó ń sún ọkọ̀ àti èyí tó ń yí eré padà. Yí eré padà ná, kó o wá fi eré tuntun sún ọkọ̀: (0.99, 0.1), ìyẹn 0.995. Ó súnmọ́ díẹ̀, ó yára díẹ̀, bó ṣe yẹ. Mo jẹ́ kí tèmi máa yí mọ́jú. Nígbà tí mo jí, tí ọyẹ́ ṣì bo orí òkè Olósùnta, ó ṣì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Inú mi dùn dé egungun.

Má sì fi iye ìgbà tí browser ń ya àwòrán díwọ̀n àkókò o. Fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń yà á ní ìgbà 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láptọ́ọ̀pù mi ń yà á ní 60, ni ọkọ̀ bá ń sá ní ìlọ́po méjì lọ́wọ́ ọmọ náà. Jẹ́ kí ìgbésẹ̀ jẹ́ iye kan ṣoṣo, kó o kó àkókò tó kọjá jọ, kó o máa yọ ọ́ níwọ̀n-níwọ̀n. Fi ààlà sí àkókò tó o kó jọ pẹ̀lú, torí requestAnimationFrame, àṣẹ tó ń mú browser ya àwòrán, máa ń dúró béèyàn bá lọ sí tab mìíràn, bó bá sì padà, àkókò rẹpẹtẹ á ti kóra jọ.

Àwọn kan á ní kó o kàn ya òbìrí, kí ọkọ̀ máa rìn lórí rẹ̀. Jọ̀ọ́, má gbà, torí bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe lójú ọ̀run gidi kò ní hàn níbẹ̀. Lọ́dún 1965, McDivitt, arìnrìn-àjò òfuurufú ará Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ òfuurufú Gemini 4 fẹ́ súnmọ́ àlòkù rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó darí ẹ̀rọ tààrà sí i, ṣùgbọ́n kò bá a títí wọ́n fi pa á tì kí epo má bàa tán. Ohun kan náà ló ṣe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nínú géèmù mi: bó ṣe ń tẹ iná mọ́ ọn tó láti lé ibùdó tó wà níwájú bá, bẹ́ẹ̀ ló ń gòkè, tó ń rẹ̀yìn. Mi ò sọ nǹkan kan fún un. Ọjọ́ kẹta ló yí imú ọkọ̀ sẹ́yìn, ó dín eré kù, ọkọ̀ lọ sílẹ̀, ó gba abẹ́ ibùdó náà kọjá síwájú. Ó pariwo, ó ń pe ìyá rẹ̀ kó wá wò ó.